LỌ́ŃDỌ̀NÙ SÍ ÈKÓ NÍNÚ MỌ́TÒ KÉKERÉ: AṢÁLẸ̀ KÒ RÍ PẸ̀LÚMI MÚ, TÍRÉLÀ TÓ DÚRÓ LÓ FẸ́RẸ̀Ẹ́ MÚ UN LỌ

Bí ọmọ ẹni bá jí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ní mọ́tò lòun fẹ́ wọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ ni ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ fi kàn án níwájú orí, kó lè mọ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é. Bàálù ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò bá rówó bàálù, ilé rẹ̀ ló máa jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà o. Títì ló wà láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Èkó, àfi ibi méjì tí òkun ti la ilẹ̀ láàárín. Ní ọdún 2024, ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba, Pẹ̀lúmi Nubi lorúkọ rẹ̀, gba ọ̀nà yìí wálé. Òun nìkan ló wà nínú mọ́tò. Òun ni dírẹ́bà, òun ni kọ̀ndọ́, òun náà sì ni èrò.

Ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún náà ló gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ló wọ Èkó. Ẹni tó bá kà á dáadáa á rí i pé ọjọ́ 68 ni. Orílẹ̀-èdè 17 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, ọ̀nà tó rìn sì lé ní kìlómítà 10,000. Kí ẹni tí kò mọ̀ nípa kìlómítà lè mọ bó ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí: bí dírẹ́bà kan bá gbé èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tó tún gbé èrò padà, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ogójì, ìgbà náà ló tó rin ohun tí ọmọbìnrin yìí rìn.

Nígbà tó wọlé, ariwo sọ. Èrò ya sójú títì láti pàdé rẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Babajídé Sanwó-Olú, fún un ní mọ́tò tuntun àti ilé, ó sì fi ṣe aṣojú ìpínlẹ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò afẹ́. Àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè náà gbé e jáde pé kò sí àkọsílẹ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn tó dá nìkan wa mọ́tò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ṣáájú rẹ̀.

Ariwo ti lọ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló kù. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè máa bẹ̀rù fún un, òkè gíga, òtútù, aṣálẹ̀, ìbodè, àti àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò sí èyí tó dá a dúró nínú wọn. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ ni ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú mọ̀ bí ẹni mowó lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀: tírélà tó dúró gbagidi.

ILÉ LÓRÍ TÁYÀ

Kì í ṣe Pẹ̀lúmi ló dá a sílẹ̀ pé kí ènìyàn máa sùn nínú mọ́tò lójú àjò. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwọn, owó òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe kékeré. Tọkọtaya tó lọ́mọ mẹ́ta, tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbafẹ́, owó ibi tí wọ́n máa sùn nìkan lè jẹ gbogbo ohun tí wọ́n fi ọdún kan tọ́jú. Ni wọ́n bá ní kí ló dé tí àwọn ò lè gbé ilé dání? Wọ́n ra bọ́ọ̀sì àlòkù, wọ́n tẹ́ ibùsùn sí i, wọ́n gbé sítóòfù kékeré àti kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn, ó di ilé. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, tí òfin ibẹ̀ bá ti gbà, wọ́n sùn síbẹ̀ nìyẹn.

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé gun àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Alps ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí òjò dídì kì í ti í tán lórí àwọn tó ga jù nínú wọn. Òjò dídì náà á máa gun ara wọn lọ́dọọdún títí á fi le bí òkúta, á wá di odò yìnyín. Odò ni lóòótọ́, nítorí ó ń ṣàn, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣàn, ojú lásán ò lè rí i. Èyí tó gùn jù níbẹ̀, Aletsch lorúkọ rẹ̀, gùn tó nǹkan bí ogún kìlómítà. Nísàlẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀, adágún omi máa ń wà tí yìnyín tó yọ́ ń ṣàn wọ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò ni àwọn òyìnbó máa jókòó sí, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, tí wọ́n á máa wo gbogbo iṣẹ́ Ọlọ́run yìí láìsanwó òtẹ́ẹ̀lì kankan.

Ẹ má wá rò pé mọ́tò náà jẹ́ nǹkan àràmàǹdà o. Dánfó ni! Bọ́ọ̀sì kékeré tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní ọdún 1950, tí ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Westfalia sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀ ní 1951, irú rẹ̀ náà ló dé Èkó tó di dánfó. Lọ́hùn-ún, wọ́n to ibùsùn sí i. Níhìn-ín, wọ́n kan bẹ́ǹṣì mọ́ ọn, kọ̀ndọ́ sì so mọ́ ẹnu ọ̀nà bí àdán. Mọ́tò kan náà ni, ohun tí kálukú fi ń ṣe ló yàtọ̀.

PIJÓ TÓ Ń LO Ẹ́ŃJÌNNÌ TOYOTA

Pẹ̀lúmi ò tilẹ̀ ní bọ́ọ̀sì. Pijó 107 ló gbé, mọ́tò kékeré elésè àlùkò kan tó sọ ní Lumi. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà kan lọ, pístìnì mẹ́ta péré ló sì ní. Mẹkáníìkì tó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì irú rẹ̀ rí mọ̀ pé orúkọ Pijó ló wà lára rẹ̀, àmọ́ Toyota ló ni ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù inú rẹ̀, nítorí Pijó, Citroën àti Toyota ló da owó pọ̀ tí wọ́n ń ṣe irú mọ́tò náà ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní orílẹ̀-èdè Czech. Àwọn tó mọ Pijó 504, tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ọjọ́un, lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé mọ́tò nìyí àbí ike ọmọdé?

Ọmọbìnrin náà yọ àga ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà kúrò, ó sì sọ àyè ibẹ̀ di ibi tó lè nà sí bí ilẹ̀ bá ṣú u sọ́nà. Kò sí awo níbẹ̀. Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bá fún un ní pákó díẹ̀ àti fóòmù kan, á ṣe irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ tán kí oòrùn tó wọ̀.

Ọgbọ́n wà nínú mọ́tò kékeré. Kì í mu epo púpọ̀. Bó bá rì sínú iyanrìn, ènìyàn mẹ́rin lè tì í jáde. Táyà rẹ̀ kò wọ́n. Bó bá sì bàjẹ́ ní ìlú tí wọn ò ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àwọn wáyà rẹpẹtẹ tó máa dààmú ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Mọ́tò ńlá máa ń gba ìkíni lójú títì, àmọ́ èyí tí apá ẹni ká ló ń gbéni délé.

ÀWỌN TÓ TI RÌN ṢÁÁJÚ

Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú ìrìn yìí. Àwọn àgbàlagbà kò tíì gbàgbé Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey dárúkọ rẹ̀ nínú orin. Ní ọdún 1952, kẹ̀kẹ́ ló gùn la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já. Lẹ́yìn ìyẹn ló gun alùpùpù Vespa káàkiri ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963. Láti ìgbà náà ni ọmọ tí kì í gbélé ti di Àjàlá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọdún 1999 ni Àjàlá fi ayé sílẹ̀.

Ọdún méjì kí Pẹ̀lúmi tó gbéra, Kúnlé Adéyanjú ti gun alùpùpù tirẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022 ló kúrò lọ́hùn-ún, ó sì dé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ni, ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ ló sì tìtorí rẹ̀ rìn. Ohun tó mú ti Pẹ̀lúmi yàtọ̀ ni pé obìnrin ni, ó dá wà, ilé rẹ̀ sì wà nínú mọ́tò.

Ọ̀NÀ NÁÀ RÈÉ

Ẹni tó bá gbé mọ́tò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù á wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí kó gbé mọ́tò sínú rélùwéè tó ń gba abẹ́ òkun kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ òkun yẹn. Àwọn òkè Pyrenees ló pààlà sáàárín Faransé àti Sípéènì, oṣù kìíní sí ìkejì tí Pẹ̀lúmi ń kọjá lọ́hùn-ún sì ni òtútù máa ń mú jù. Nísàlẹ̀ Sípéènì, òkun tó la ilẹ̀ òyìnbó àti Áfíríkà kò ju kìlómítà 14 lọ níbi tó ti fún jù. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tó dúró ní etíkun á rí òkè òdìkejì.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dunni. Ọ̀nà tí ọmọbìnrin yìí fi ìrọ̀rùn gbà wálé ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Áfíríkà ń fi ọkọ̀ ojú omi jákujàku gbà jáde, tí òkun ń gbé lọ. Omi kan náà ni. Ìwé àṣẹ ìrìnnà tó wà lápò ẹnì kan, tí kò sí lápò ẹnì kejì, ló fa ìyàtọ̀.

Ní Mòrókò, àwọn òkè Atlas wà níbẹ̀ tí òjò dídì ń bò lórí nígbà òtútù. Èyí tó ga jù, Toubkal, ga ju mítà 4,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀nà ọlọ́dà gba etí òkun lọ, òkun lápá ọ̀tún, iyanrìn lápá òsì. Ní ibodè Guerguerat, láàárín Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà àti Mauritania, kò bójú mu kí ènìyàn yà kúrò lójú ọ̀nà láti lọ tọ̀, nítorí àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun ṣì wà lágbègbè náà.

Láti Mauritania, arìnrìnàjò á kọjá odò Sẹ̀nẹ̀gà, á wọ ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tó rí bíi tiwa. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń dúró dè láti kọjá odò Gáńbíà, tírélà lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ tò síbẹ̀, kí ẹja àti tòmátò inú rẹ̀ sì jẹrà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí afárá síbẹ̀, ìdààmú sì dínkù fún àwọn oníṣòwò. Lẹ́yìn náà ni Gínì, Sàró àti Làìbéríà. Àwọn tó lọ́mọ nínú iṣẹ́ ológun rántí Làìbéríà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG wọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1990 láti pẹ̀tù sí ogun. Ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti kú sójú ogun láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin kan dá wa mọ́tò gba orílẹ̀-èdè náà kọjá ní 2024. Ayé ń yí.

TÍRÉLÀ TÓ DÚRÓ

Ilẹ̀ Côte d'Ivoire, lọ́dọ̀ àwọn ará Àbíjàn, ni ohun burúkú ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ó ku orílẹ̀-èdè mẹ́ta kó wọ Nàìjíríà: Gánà, Tógò àti Benin. Ilé ti ń rùn sí i nímú. Ibẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ti lọ kọlu tírélà kan tó dúró. Iwájú Lumi run wómúwómú, Pẹ̀lúmi fara pa, wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ọ̀pọ̀ tó ń fọkàn bá a rìn rò pé ó ti parí nìyẹn, pé bàálù ló máa gbé e délé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì tún mọ́tò náà ṣe. Ẹ̀yin páńẹ́bítà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gbogbo ariwo tí wọ́n pa l'Ékòó ọjọ́ náà, ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó mọ irin nà tó sì mọ ẹ́ńjìnnì tò, ìtàn náà ì bá parí sẹ́bàá títì.

Ẹ jẹ́ ká wò ó, kí ló dé tí tírélà tó dúró fi burú ju èyí tó ń sáré lọ? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 kí ènìyàn tó ka ení. Lálẹ́, bí dírẹ́bà bá rẹ iná mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, iná náà kò lè tàn ju nǹkan bíi mítà 40 sí 60 lọ. Ojú rí tírélà. Kí ọpọlọ tó sọ fún ẹsẹ̀ pé kó tẹ búréèkì, mítà 28 ti lọ. Búréèkì gbà, àmọ́ ó tún fẹ́ tó nǹkan bíi mítà 55 kí táyà tó dúró pátápátá. Ẹ ro ó pọ̀: mítà 83. Iná kò sì fi ju mítà 60 hàn án. Dírẹ́bà náà ti wọ abẹ́ tírélà kí mọ́tò rẹ̀ tó dúró. Àdúrà dára, àmọ́ Ọlọ́run ló fún ènìyàn ní ọgbọ́n láti mọ ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Títì Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ tó kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn tírélà tó ń ti Èkó lọ sí Benin àti ilẹ̀ Íbò ń gbà tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀kan bá kú sójú ọ̀nà, kí ni mọ́tòbọ́ì máa ń ṣe? Á já ewé tútù, á tẹ́ ẹ sílẹ̀. Lójú ọ̀sán, ewé lè ṣiṣẹ́. Lóru, ewé kì í tàn. Sí-kọ́ṣọ̀n, ìyẹn irin onígun mẹ́ta pupa yẹn, ló ń tàn bí iná bá kàn án. Kì í ṣe nítorí kí ọlọ́pàá má baà dá mọ́tò dúró ni wọ́n ṣe ní kí ènìyàn ní in. Nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Àwọn Róòdù Séfútì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, ní nọ́ńbà kan tí ènìyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, tàbí bí ẹnì kan bá rí tírélà tó kú síbi tó lè pani. 122 ni. Nọ́ńbà mẹ́ta péré, kò nira láti há sórí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín náà.

ÌBODÈ ÀTI ÌWÉ

Bí ó bá jẹ́ ti ìbodè, kò sí ẹni tó máa kọ́ Ìjẹ̀bú. Láyé àtijọ́, Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà láàárín etí òkun àti ilẹ̀ òkè, oníbodè wọn sì ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò. Nítorí ọ̀nà tí wọ́n dí yìí ni òyìnbó fi gbógun tì wọ́n ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, láyé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Ìbodè ti ń dá ìjà sílẹ̀ kó tó di pé mọ́tò dáyé.

Àwọn ìyá tó ń lọ sí Kútọnù àti Lomé láti ra ọjà gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀tọ́ wọn. Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ní Dákà pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì yẹ́lò, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ni wọ́n á bi í. Mọ́tò náà ní ìwé tirẹ̀: káàdì búráwùn, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnù ní 1982. Bí mọ́tò bá wá láti ilẹ̀ òyìnbó, kọ́sítọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ ilẹ̀ á tún fẹ́ ìwé tó fi hàn pé ẹni tó gbé e kò ní tà á síbẹ̀ láìsan owó orí.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o, òfin ìbodè kì í dúró lójú kan. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ibodè Ṣẹ̀mẹ̀, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló jẹ gbèsè nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Màlì, Burkina Faso àti Níjẹ̀ jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹni tó ń lọ sọ́hùn-ún kó ọjà gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó yí padà kó tó san owó mọ́tò. Bí wọ́n bá sì ní kó sanwó níbodè, kó béèrè rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì, àpò ènìyàn ló wọ̀, kò wọ àpò ìjọba.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa rí Atlas tàbí odò yìnyín. Kò sì pọn dandan. Láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó lè da owó pọ̀ gba bọ́ọ̀sì lọ síbi ìnáwó lè gba bọ́ọ̀sì kan náà lọ wo òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń pè ní Olúmirin, wà níbẹ̀, ìpele méje ló sì ní. Ìkọ́gọ̀sí ní Èkìtì náà wà, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ara wọn. Ẹ gbé ìrẹsì àti omi yín dání, ẹ gbé ẹní dání, ẹ jí kúrò nílé láàárọ̀. Ìrìnàjò afẹ́ kì í ṣe ti olówó nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ bá dírẹ́bà ṣàdéhùn kí ẹ tó wọkọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà lágbára ju bí wọ́n ṣe rò lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ló ń sanwó. Ẹ wo táyà rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù sí i. Ẹ ní kó tan iná iwájú àti tẹ̀yìn kí ẹ rí i. Ẹ bi í pé sí-kọ́ṣọ̀n rẹ̀ dà. Bí ilẹ̀ bá ṣú yín sọ́nà, ẹ má pariwo mọ́ ọn pé kó sáré kí ẹ lè tètè délé. Ẹ ní kó yà síbi tí iná wà, tí èrò wà, kí ilẹ̀ mọ́. Ẹní tí ẹ gbé dání, òun ni ibùsùn yín. Òyìnbó ń sanwó kó lè sùn nínú mọ́tò, kì í ṣe ìtìjú. Tòmátò tó bá sùn sọ́nà á dín owó díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni ín á wà láàyè láti lọ ra òmíràn.

Ẹ̀yin dírẹ́bà tírélà náà, ẹ jọ̀wọ́. Bí mọ́tò bá kú, ẹ tì í kúrò lójú títì bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ tan iná, ẹ gbé sí-kọ́ṣọ̀n jìnnà sẹ́yìn dáadáa, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ má lọ sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti rin kìlómítà ẹgbẹ̀rún kó tó bá yín níbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì ti gbé ọbẹ̀ kaná dè é.

Ọ̀nà jíjìn kì í pani. Pẹ̀lúmi ti fi hàn. Ohun tó ń pani ni èyí tí kò tàn lókùnkùn àti ìkánjú tí kò jẹ́ kí ojú tètè rí i. Ẹni tó bá rọra rìn, tí ìwé rẹ̀ pé, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, títì á gbé e délé.